Ọmú Yemọja Dà? Àyẹ̀wò Àwòrán Kan láti Òfìkì

Ọ̀rọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ wa láti Òfìkì, ó sì tó ohun tí a ń jókòó tì. Àwọn olórìṣà tí wọ́n ń bọ Yemọja níbẹ̀ fẹ́ tún ojúbọ wọn ṣe. Wọ́n ra símẹ́ńtì, wọ́n rẹ́ ògiri, wọ́n sì pe ayàwòrán kan pé kí ó wá ya àwòrán Yemọja sí i lára. Ọmọ náà gbọ́n, kò dédé ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ó kọ́kọ́ yà á sórí pákó, ó ní kí àwọn àgbà wò ó ná. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní àwòrán náà rẹwà, kí wọ́n tètè yà á sára ògiri kí ọdún òrìṣà tó dé. Àwọn kan ní bí ẹ bá gbé e síbẹ̀, àwa ò ní wọ ojúbọ yẹn mọ́. Ìyálóòṣà tó dàgbà jù láàárín wọn kò sọ pé ó dára, kò sì sọ pé kò dára. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ayàwòrán náà: "Ọmọ mi, ọmú rẹ̀ dà?"

Wọ́n gbé pákó náà wá bá wa pé kí a túmọ̀ rẹ̀. A lè kàn fi ẹnu ránṣẹ́ padà sí wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe Òfìkì nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó bá rìn láti Ṣakí dé etí òkun yóò rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lára ògiri ojúbọ omi, lára ilé ìṣègùn, lẹ́yìn ọkọ̀ akérò pàápàá. Àwọn ọ̀dọ́ wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé bí Yemọja ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ síbí kí gbogbo ilé Ifá lè gbé e yẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà lórí pákó náà fún ẹni tí kò rí i. Obìnrin kan ni, láti orí dé ìbàdí. Ìyókù ara rẹ̀ wà nínú omi. Àwọ̀ rẹ̀ pupa, imú rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ dúdú, ó là á láàárín, ó sì tú u sílẹ̀ dé ìdí. Ejò kan lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, ó gbé orí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ó la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ funfun sì ń dà láti ibẹ̀ sínú omi. Igi ẹmì kan hù jáde láti inú irun rẹ̀ lápá òsì, igi náà so, lékeléke mẹ́ta sì bà lé e. Lẹ́yìn rẹ̀, òkè àpáta kan là sí méjì, mànàmáná ń kọ láàárín ibi tí ó ti là. Òṣùpá wà lójú ọ̀run. Omi náà dúdú bí aró, kò ní bèbè. Ní ti àyà rẹ̀, ẹ̀wù kékeré kan tí wọ́n fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún un pinpin níbẹ̀, àyà ọ̀hún kò sì ju ti ọmọge tí kò tíì mọ ọkọ lọ.

Ọwọ́ ọmọ náà dá, a kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn dù ú. Ẹni tó bá wò ó pẹ́, àfi bí ẹni pé ó ń lálàá: èyí tó jẹ́ igi ń di irun, èyí tó jẹ́ irun ń di omi, ojú kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ ṣe bí àwọn kan láàárín wa ti ń ṣe, a ó mú ohun kọ̀ọ̀kan lórí pákó náà, a ó sì fi odù kan tì í. Ejò rèé, odù báyìí ni. Òkè rèé, odù báyìí ni. Lékeléke mẹ́ta rèé, ó níye ohun tí mẹ́ta dúró fún. Irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ifá. A kì í fi ojú lásán dá Ifá. Èyí tí a kò gbé ọpọ́n kalẹ̀ fún, tí a kò di ìbò sí, tí a kàn wò lára pákó tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àbá ni, ẹni tó bá dá a kò sàn ju ẹni tó ń wo ìkúùkù ojú ọ̀run tó ní òun rí ẹṣin.

Ọ̀nà tí a ó gbà wò ó yàtọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Lawal, ẹni tó ti kọ́ni ní Ifẹ̀ kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà, ti tú ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" palẹ̀ fún wa: ohun tí a wò tí a fi rántí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí babaláwo bi àwòrán kì í ṣe "ta ni o jọ?" "Kí lo ń rán wa létí?" ni. Ìbéèrè yẹn ni a fi wo pákó Òfìkì, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irun àti ejò ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ló kọ́kọ́ ń gba ojú. Wọn kò ti inú odò Ògùn wá, wọn kò sì ti Òfìkì wá. Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti wá. Lẹ́yìn ọdún 1880, ọkùnrin kan wà nílùú yẹn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Carl Hagenbeck. Ó ń kó àwọn ẹranko àti àwọn ènìyàn ilẹ̀ òkèèrè jọ, ó ń fi wọ́n ṣe ìran fún àwọn tí wọ́n bá lè sanwó. Obìnrin kan wà nínú irú ìran bẹ́ẹ̀ tí ń fi ejò ṣeré. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lórí ìtàgé ni Maladamatjaute. Ilé ìtẹ̀wé Adolph Friedländer ní Hamburg tẹ àwòrán rẹ̀ láti fi polówó ìran náà. Irun dúdú tó là láàárín wà níbẹ̀, ejò tó lọ́ mọ́ ọn lára wà níbẹ̀, ẹ̀wù ọlọ́ṣọ̀ọ́ tó fún un láyà wà níbẹ̀. Ọmọdé kan sì wà nísàlẹ̀ lápá kan tí ń fun fèrè fún àwọn ejò. Wọn kò ya obìnrin náà kọjá ìbàdí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibi tí wọ́n gé e dé yẹn ni àwọn tí wọ́n rí i nílẹ̀ wa ti fi ọkàn ara wọn bá a parí rẹ̀: wọ́n ní omi ló bo ìyókù, wọ́n ní ìrù ẹja ló wà lábẹ́ omi.

Àwòrán náà tètè dé etí òkun wa. Ní ọdún 1901, J. A. Green, ayafọ́tò ọmọ Bonny, ti ya fọ́tò ère àgbérù kan ní agbègbè Niger Delta tí agbẹ́gilére ti fi wo àwòrán Jámánì yẹn gbẹ́. Ní ọdún 1955, àwọn oníṣòwò ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà tí wọ́n ṣì ń pè ní Gold Coast nígbà náà, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé Shree Ram Calendar Company ní Bombay, ilẹ̀ Íńdíà, ìyẹn sì tẹ 12,000 ẹ̀dà fún wọn. Àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí ló tàn ká gbogbo ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ orúkọ Mami Wata. Henry Drewal, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn Yorùbá, ló tọpa ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ní ọdún 2008 ó kó àwọn iṣẹ́ ọnà tó jẹ mọ́ ọn jọ fún ìpàtẹ ńlá kan ní Fowler Museum, ní Los Angeles.

A ò ní kí ẹni tí ń bọ Mami Wata má bọ ọ́ mọ́, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ wa. A ò sì bú obìnrin ará Hamburg. Ó ní orúkọ, ó ní iṣẹ́, ó ní orí tirẹ̀ tí ó yàn wáyé, oúnjẹ òòjọ́ ló sì ń wá. Ohun tí a ń sọ ni pé ojú ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n gbé wá tí a ń fi orí balẹ̀ fún. Bí a bá sì bi àwòrán yẹn pé kí lo ń rán wa létí, òótọ́ ni yóò sọ fún wa: ẹ wá wo ejò, ẹ san owó kí ẹ wọlé. Yemọja dà nínú ìyẹn?

Ayàwòrán náà ní òun kò wo ìwé kankan o, òun kò wo kàlẹ́ńdà kankan. Ojú àlá ni òun ti rí obìnrin náà. A gbà á gbọ́, ọmọ náà kò jọ onírọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ lára ọkọ̀, lára ilé onídìrí, nínú fíìmù, òun náà ni ọkàn ń gbé wọnú oorun. Ẹni tí kò rí ìrù ẹja lára obìnrin rí kì í lá a. Àlá tí òrìṣà fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ wà, a ò jiyàn. Èyí tí ó ti inú àárẹ̀ wá wà pẹ̀lú, méjèèjì sì jọ ara wọn bí ìbejì. Ìdí tí àwọn baba wa kò fi fi àlá ṣe adájọ́ nìyẹn. Àlá ni yóò mú ẹni wá sídìí Ifá, ìbò ni yóò sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Òfìkì, ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ rà. A bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹnikẹ́ni ti da Ifá lórí àwòrán yìí, ńṣe ni wọ́n ń wo ojú ara wọn.

Ọwọ́ tó là sílẹ̀ tí ìlẹ̀kẹ̀ ń dà níbẹ̀, ibòmíràn ni ó ti wá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì ṣòroó dá ju ti ejò lọ. Ilẹ̀ Brazil ni. Àwòrán Iemanjá kan wà tó gbòde níbẹ̀ láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún ogún: obìnrin aláwọ̀ funfun, irun dúdú gígùn, aṣọ búlúù tó mọ́ ọn lára, ó ń jáde bọ̀ láti inú òkun lóru, péálì sì ń já bọ́ láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Inú ilé ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí. Ní ọjọ́ kejì oṣù February lọ́dọọdún, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ fún un létí òkun ní Rio Vermelho, ní ìlú Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia.

Ojú tí a fi wo ti Hamburg kọ́ ni a ó fi wo èyí, nítorí ọmọ wa ni àwọn tí wọ́n gbé Yemọja dé ọ̀hún. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tú wọn ká, láti Ọ̀yọ́ Ilé wá sí Ẹ̀gbá, tí wọ́n fi dé ọwọ́ àwọn tó ń ta ènìyàn. Odò Ògùn kò bá wọn wọ ọkọ̀. Omi tí wọ́n rí ni òkun, omi tí wọ́n là kọjá, omi tí ó wà láàárín àwọn àti ilé. Bí Yemọja tí í ṣe ìyá odò níhìn-ín ṣe di ìyá òkun lọ́hùn-ún nìyẹn, àti ní Kúbà tí wọ́n ti ń pè é ní Yemayá. Bí babaláwo kan bá dìde lónìí tó ní àṣìṣe ni wọ́n ṣe, pé Olókun ló ni òkun, ẹ bi í léèrè pé odò wo ni ó fẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ọmọ tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ibi tí ó bá ti rí omi ni yóò ti pè é.

Ṣùgbọ́n ojú funfun yẹn ńkọ́? Nínú àwọn ilé Candomblé àtijọ́ ní Bahia, àwòrán yẹn kọ́ ni wọ́n ń bọ. Òkúta àti omi nínú ìkòkò ni, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ní Kúbà, Wúńdíá ti Regla ni wọ́n so Yemayá pọ̀ mọ́ nígbà tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n bọ ọ́ ní gbangba, ojú Wúńdíá náà sì dúdú. Lónìí, àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Brazil fúnra wọn ń bèèrè pé ta ló fọ ojú ìyá àwọn di funfun. Àsìkò tí wọ́n ń bèèrè rẹ̀ lọ́hùn-ún ni àwa ń ra àwòrán kan náà níhìn-ín. Òkun tí wọ́n fi ń sunkún ilé ni a gbé wá sí Òfìkì, tí ó jìnnà sí etí òkun, a ní òun ni odò wa.

Ó ku ibi tí ìyálóòṣà fi ọwọ́ sí. Ìtàn Yemọja àti Ọ̀kẹ́rẹ̀ Ṣakí kò ṣàjèjì sí ọmọ Òkè-Ògùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kò kò lórí gbogbo rẹ̀. Pierre Verger, tí a ń pè ní Fátúmbí, ti kọ irú rẹ̀ kan sílẹ̀. Yemọja ti fún ọmọ púpọ̀ lọ́mú, ọmú rẹ̀ sì tóbi, ó gùn. Nígbà tí ó fẹ́ fẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó bá a dá májẹ̀mú lé lórí: kò gbọdọ̀ fi ọmú òun ṣe yẹ̀yẹ́ láéláé. Ọkùnrin náà gbà. Wọ́n jọ gbé, ó pẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan Ọ̀kẹ́rẹ̀ mu ẹmu yó, ohun tí wọ́n ní kí ó má sọ ni ó sọ. Yemọja sá jáde nílé. Ohun èlò tí Olókun fún un fi pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro bọ́, ó fọ́, omi tú jáde, omi náà sì di odò Ògùn tí ó gbé e lọ. Ọ̀kẹ́rẹ̀ di òkè, ó dábùú ọ̀nà. Yemọja ké sí Ṣàngó, àrá sán, òkè là sí méjì, omi kọjá.

Ẹ padà wo pákó náà. Òkè tó là wà níbẹ̀. Mànàmáná wà níbẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ìtàn náà, kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó ya ìjà, kò ya ohun tí wọ́n jà sí.

Èyí ni àléébù tó wúwo jù lára iṣẹ́ náà, ó wúwo ju ejò Hamburg lọ, ó wúwo ju òkun Brazil lọ. Yèyé ọmọ ẹja ni orúkọ òrìṣà yìí. Àyà ọmọge kò lè jẹ́ àyà ìyá ẹja. Ọmú yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí ayàwòrán lè fi sí i tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò bí ó bá ti wù ú. Ẹ̀rí iṣẹ́ ni, bí èépá ọwọ́ ṣe jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tó bá kì í mọ́nú ẹ̀wù wúrà kí àwòrán lè dùn wò, ọ̀rọ̀ tí Ọ̀kẹ́rẹ̀ sọ ni ó tún sọ. Ọ̀kẹ́rẹ̀ tilẹ̀ sàn díẹ̀, ó lè ní ẹmu ló wà lójú òun.

Kí a má sì ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ògiri nìkan ni. Ta ni yóò máa kúnlẹ̀ níwájú ògiri yẹn? Àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ, àti àwọn tí wọ́n bí ọmọ tí wọ́n wá dúpẹ́. Obìnrin tó ti bí mẹ́fà, tí ó ti fún gbogbo wọn lọ́mú, yóò gbé ojú sókè, yóò rí ìyá tí wọ́n ní kí ó máa ké pè, ìyá náà kò ní tó ọmọ tirẹ̀ tó kẹ́yìn lọ́jọ́ orí. Kí ni ògiri ń sọ fún un? Ó ń sọ fún un pé ara tí ó fi ṣe abiyamọ kò dára tó láti wà lójúbọ. Àwọn oníkàlẹ́ńdà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un, àwọn oníṣòwò ọ̀dà ìbóra ti sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ lè ti sọ bẹ́ẹ̀ náà bí ó bá mutí yó. Ṣé ojúbọ Yemọja ni ó yẹ kí ó tún ti gbọ́ ọ?

Àwọn baba wa tó ń gbẹ́gi mọ èyí. Bí a bá wo ère tí wọ́n gbẹ́ fún ojúbọ Yemọja àti àwọn òrìṣà omi mìíràn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, obìnrin tó kúnlẹ̀ ni a ń rí lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lẹ́nu ọmú, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmú náà sì kún, ó hàn gbangba. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí ilé Yemọja wà ní Ìbarà, ìdílé Adugbologe ti gbẹ́ ère tó kún inú ọ̀pọ̀ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí. Ní ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, láti Kétu wá dé Ìlaròó, ọkùnrin ni yóò gbé e, ṣùgbọ́n yóò so ọmú ńlá tí wọ́n fi igi gbẹ́ mọ́ àyà kí ó tó jó jáde síwájú àwọn ìyá wa. Ẹnikẹ́ni kì í fi í rẹ́rìn-ín ìyà. Ìbọ̀wọ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú àwọn ère wọ̀nyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ awo kò kíyè sí. Obìnrin tó kúnlẹ̀ yẹn kì í ṣe Yemọja. Ẹni tí ń bọ Yemọja ni. Ta ni Yemọja ń kúnlẹ̀ fún tí ó gbé igbá lọ́wọ́? Òrìṣà fúnra rẹ̀ wà nínú òtùn, nínú omi tí wọ́n pọn láti odò, lára òkúta tí wọ́n sà nísàlẹ̀ omi. Kò ní ojú tí a lè yà. Ohun tí agbẹ́gilére fi sí ojúbọ ni bí ènìyàn ṣe ń jókòó, bí ó ṣe ń kúnlẹ̀, bí ó ṣe ń gbé igbá nígbà tí ó bá dé iwájú òrìṣà. Ìdí nìyẹn tí ẹni kankan kò fi bi agbẹ́gilére léèrè rí pé níbo ni o ti rí ojú Yemọja. Ìbéèrè yẹn ni àwòrán tuntun ń fà lẹ́sẹ̀, ohun tó sì fà á ni pé ó gbé ojú òrìṣà síta, ojú ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá. Bí kò bá ti Hamburg wá, yóò ti Rio wá.

Ẹ má rò pé a kórìíra iṣẹ́ tuntun. Nígbà tí Ulli Beier àti Georgina Beier ṣí ẹ̀kọ́ àwòrán fún àwọn ọ̀dọ́ ní Mbari Mbayo ní Òṣogbo ní ọdún 1964, inú ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven ti jáde, ọmọ Ògìdì, oníjó tó di ayàwòrán, ẹni tó kú ní ọdún 2011. Iṣẹ́ tirẹ̀ jọ àlá ju ti ọmọ Òfìkì yìí lọ. Ara ẹ̀dá inú àwòrán rẹ̀ kún fún ẹ̀dá mìíràn, ojú nínú ikùn, ẹja nínú apá, kò sí àyè kan tó ṣófo. Ṣùgbọ́n inú ìtàn tí wọ́n sọ fún un ló ti fa àlá náà yọ, kò lọ wá a lọ́jà. Bákan náà ni Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó kú ní ọdún 2009. Àwọn ère ńlá tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Òṣogbo mọ sínú igbó Ọ̀ṣun, àwọn kan ní wọ́n burẹ́wà, wọ́n ní ẹsẹ̀ gùn jù, ojú yọ jù. Lára wọn ni Ìyámàpó wà, ẹni tí òkè rẹ̀ wà ní Ìgbẹ́tì níhìn-ín. Obìnrin ará Austria yìí kò fi ojú ìyá rẹ̀ ya òrìṣà kankan. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa tí a bí síbí.

Kí ni ọmọ Òfìkì ì bá yà? Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ pọ̀. Òfìkì kì í ṣe orúkọ ìlú lásán, odò ni, ọ̀kan lára àwọn odò tí wọ́n ń ṣàn sínú Ògùn, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀yán náà ti ń ṣe. Omi rẹ̀ ní bèbè. Lásìkò òjò, ó máa ń pọ́n, ó máa ń ru gùdù, yóò gbé igi ńlá lọ. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí ó sì lọ, tí oòrùn oṣù February bá ń jó pápá, odò yóò já sí wẹ́wẹ́, kòtò omi níbí, kòtò omi lọ́hùn-ún láàárín àpáta, ìyókù á di iyanrìn. Inú àwọn kòtò yẹn ni gbogbo ẹja tó ṣẹ́kù máa ń há sí títí òjò yóò fi tún dé. Àwọn ni kò jẹ́ kí ìran ẹja parun nínú odò. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá bí a ṣe lè ya ọmú Yemọja láìtijú, kí ó lọ síbẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ó jókòó.

Ohun kan wà lórí pákó náà tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, igi ẹmì ni. Kò sí i nínú àwòrán Jámánì, kò sí i nínú ti Brazil, ilẹ̀ tiwa ni ó ti hù. A bi ọmọ náà pé kí ló fi sí orí rẹ̀ fún, ó ní ìyá òun ń ṣe òrí tà, òun kò mọ igi mìíràn tí òun ì bá yà. Ẹni tí ó gbọ́ Ifá yóò ti gbọ́ ohun tí ó sọ láìmọ̀: igi òrí hù lórí orí. Òrí náà ni a fi ń pa ọmọ tuntun lára, òun ni abiyamọ fi ń ra ọmú tí ó bá là, òun ni a fi ń rọ ohun tó le. Nínú gbogbo pákó náà, ibẹ̀ nìkan ni ó ti gbàgbé láti ṣe ẹwà, ibẹ̀ nìkan sì ni a ti rí òrìṣà.

Ìdáhùn tí a fi ránṣẹ́ sí Òfìkì nìyí. Àwòrán yìí lè wà ní pálọ̀, ó lè wà ní ilé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á, kì í ṣe èèwọ̀. Kò gbọdọ̀ wà lára ògiri ojúbọ, kò sì gbọdọ̀ wà ní ọ̀kánkán òtùn. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ àwòrán, kí wọ́n ya ẹni tí ń bọ ọ́, kí wọ́n fi ẹni tí à ń bọ sílẹ̀ nínú omi rẹ̀: obìnrin tó kúnlẹ̀ létí kòtò omi, tí ó ti bímọ, tí ó sì hàn lára rẹ̀ pé ó ti bímọ, igi ẹmì lẹ́yìn rẹ̀, òkè tó là lókèèrè. Ìyálóòṣà ni kí ó jókòó ti ayàwòrán nígbà tí ó bá ń yà á, kì í ṣe àwa. Kí wọ́n da Ifá kí wọ́n tó ṣí ọ̀dà, bí Ifá bá sì ní ògiri náà fẹ́ wà ní funfun, kí wọ́n fi ẹfun kùn ún kí wọ́n sinmi. Owó iṣẹ́ pákó àkọ́kọ́, kí wọ́n san án pé fún ọmọ náà. A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé nígbà tí àwọn àgbà kò ti gbà á, kò sí owó níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní gbèsè.